Lẹ́tà A dé F tí Texas ń fún ilé-ìwé ìjọba: bí ẹ ó ṣe kà á dé ìdí

Ẹni tó bá ń wá ilé sí Houston, Katy, Sugar Land tàbí Arlington, ìbéèrè tí àwọn ará wa tó ti pẹ́ níbẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í ni pé: "Ilé-ìwé àdúgbò yẹn ńkọ́? Ṣé A ni àbí B?" Bí ó bá jẹ́ A, ọ̀rọ̀ bùṣe, kí ẹ tètè san owó ilé. Bí ó bá jẹ́ D, wọ́n á ní kí ẹ sá. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wo lẹ́tà náà. Ìpínlẹ̀ ló fi òfin gbé e kalẹ̀, ìmọ̀ tó wúlò sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà yẹn kì í sọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ilé-ìwé méjì lè jọ gba B, kí ohun tó fún ọ̀kan ní B má sì sí lára èkejì rárá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe máa tú wò kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, tàbí kí ẹ tó yọ ọmọ kúrò níbi tó wà.

Ìtàn rẹ̀ ò gùn. Ọdún 1993 ni àwọn aṣòfin Texas pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi èsì ìdánwò díwọ̀n ilé-ìwé ìjọba, kí wọ́n sì máa gbé e síta fáráyé rí. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń lò, kì í ṣe lẹ́tà. "Exemplary" ni wọ́n ń pe èyí tó dára jù. George W. Bush jẹ gómìnà níbẹ̀ kó tó di ààrẹ, ohun tó sì bá ní Texas hàn kedere nínú òfin No Child Left Behind tó buwọ́ lù ní 2002. Òfin House Bill 22 ti ọdún 2017 ló gbé A, B, C, D àti F tí à ń rí lónìí wá. Àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni Texas Education Agency ní Austin, TEA ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ilé-ìwé bíi 9,000 ló ń díwọ̀n, charter (ilé-ìwé tí àjọ tó dá dúró ń darí) sì wà lára wọn, nítorí owó ìjọba ni charter ń ná. Ilé-ìwé aládàáni kò sí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá ilé-ìwé tiyín gan-an, kí ẹ sì wo ọdún

Àdírẹ́sì ilé ló ń pinnu ilé-ìwé tí ọmọ yóò lọ. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ má sì gba ti ẹni tó ń ta ilé gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ilé méjì tó dojú kọra lójú títì kan náà lè ní ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kódà wọ́n lè wà lábẹ́ district (àjọ tó ń ṣàkóso ilé-ìwé ìjọba ní agbègbè kan) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pàápàá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston níbi tí Houston, Alief àti Fort Bend ti fara kanra. Ẹ lọ sórí ojúewé district náà, ẹ tẹ àdírẹ́sì síbẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ elementary, middle àti high school tó bá jáde sílẹ̀. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì lónìí ò ní pẹ́ dé high school.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí txschools.gov. TEA ló ni ín. Nọ́ńbà 1 sí 10 tí ẹ máa ń rí lórí Zillow, ojúewé tí wọ́n fi ń wá ilé, GreatSchools ló ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe ìjọba, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ṣírò rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Ẹ wá wo ọdún tó wà lára lẹ́tà náà, torí ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ òbí lójú. Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n fún ilé-ìwé ní lẹ́tà ní 2020 àti 2021. Ní 2022, A, B àti C nìkan ló jáde. Ilé-ìwé tí ì bá gba D tàbí F, "Not Rated" ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ní 2023, TEA gbé òṣùwọ̀n sókè, àwọn district kan sì pè é lẹ́jọ́ pé kò tètè sọ fún àwọn. Ohun tó bí wọn nínú jù ni ti high school. Tẹ́lẹ̀, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jáde bá ti ṣetán fún yunifásítì, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ ológun, A ni lórí òṣùwọ̀n yẹn. TEA sọ ọ́ di 88. Ilé-ẹjọ́ dá èsì náà dúró, oṣù kẹrin ọdún 2025 ló tó rí ìmọ́lẹ̀. Ti 2024 há sínú ẹjọ́ mìíràn, òun àti ti 2025 sì jọ jáde lọ́jọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2025.

Nítorí náà, bí ilé-ìwé kan bá ní B ní 2022, tó wá ní C ní 2023, ẹ má tètè sọ pé ó ti bàjẹ́. Òṣùwọ̀n ló yí padà. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ṣe dáadáa ju ti ìṣáájú lọ. Láti 2023 síwájú ni ẹ lè fi ọdún kan wé èkejì láìṣì í.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀nà wo ni lẹ́tà náà gbà wá?

Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni TEA ń lò. Student Achievement ń wo ohun tí àwọn ọmọ mọ̀ lọ́dún yìí. School Progress ń wo bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ síwájú sí, apá méjì ló sì ní: Academic Growth, tó ń fi ọmọ kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀ ní èṣí, àti Relative Performance, tó ń fi ilé-ìwé wé àwọn tí iye ọmọ ìdílé aláìní inú wọn jọ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Closing the Gaps, tó ń pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí, tó sì ń wò ó bóyá wọ́n ń fi àwọn kan sílẹ̀ sẹ́yìn.

Orí 100 ni wọ́n ti ń máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. 90 sókè ni A, 80 sí 89 ni B, 70 sí 79 ni C, 60 sí 69 ni D, ohun tó bá rẹlẹ̀ sí 60 ni F. TEA kì í wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó pín in dọ́gba. Ó máa ń mú èyí tó ga jù láàárín Student Achievement, Academic Growth àti Relative Performance, á jẹ́ kí ìyẹn gbé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, Closing the Gaps á sì gbé ìdá 30 tó kù. Méjì tó kù nínú mẹ́ta yẹn kò kan lẹ́tà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí bébà, pẹ̀lú ilé-ìwé méjì tí mo fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ní Student Achievement 74, Academic Growth 91, Relative Performance 83 àti Closing the Gaps 80. 91 ló ga jù. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún 91 jẹ́ 63.7, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún 80 jẹ́ 24. Àpapọ̀ rẹ̀ 87.7, wọ́n á kà á sí 88. B nìyẹn. Ti èkejì ní Student Achievement 88, Academic Growth 70, Relative Performance 72 àti Closing the Gaps 85. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún 88 jẹ́ 61.6, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún 85 jẹ́ 25.5. Àpapọ̀ rẹ̀ 87.1, ìyẹn 87. B náà nìyẹn.

Ẹ wá wo B méjèèjì. Ní ilé-ìwé àkọ́kọ́, bí ẹ bá wo iye ọmọ tó mọ ohun tó yẹ kó mọ̀, C péré ni. Àmọ́ àwọn tíṣà ibẹ̀ ń gbé ọmọ dìde. Ẹni tó bá wọlé láìmọ̀, ó ń mọ̀ sí i. Ní ilé-ìwé kejì, èsì ìdánwò dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn ọmọ ti mọ̀wé láti ilé wá, ilé-ìwé ò sì fi bẹ́ẹ̀ bù kún un. Bí ọmọ mi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, tí ètò ìṣirò ibí kò tíì mọ́ ọn lára, ti àkọ́kọ́ ni màá mú, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó ń gba máàkì gíga lọ́dọọdún, màá wo ti èkejì, àmọ́ 70 orí Growth yẹn á kọ mí lóminú, torí ọmọ tó mọ̀wé gan-an lè jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìkúrò lójú kan.

Òfin kan wà tó ń dí ihò yìí díẹ̀. Bí mẹ́ta nínú Student Achievement, Academic Growth, Relative Performance àti Closing the Gaps bá rẹlẹ̀ sí 70, ilé-ìwé náà lè má gbà ju 69 lọ lápapọ̀. Bí ẹ bá rí ilé-ìwé tó dúró sí 69 gédégédé, ẹ fura sí i, ẹ lọ wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tú Student Achievement sílẹ̀

STAAR ni ìdánwò tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, ọmọ ń ṣe ìwé kíkà àti ìṣirò lọ́dọọdún. Ó ń ṣe sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹjọ, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní ìkẹjọ. Ní high school, ìdánwò márùn-ún ló wà: Algebra I, Biology, English I, English II àti ìtàn Amẹ́ríkà.

Ipele mẹ́rin ni èsì náà ní: Did Not Meet, Approaches, Meets àti Masters. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún òbí ni pé ọmọ "páàsì". Ẹ béèrè pé, ó páàsì dé ibo? Approaches ni páàsì ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ tó wà níbẹ̀ kò tíì dé ojú ìwọ̀n kíláàsì rẹ̀. Meets lẹni tó dé e. Masters lẹni tó kọjá rẹ̀. Èmi, Meets ni mo máa ń kọ́kọ́ fojú wá.

Ìṣirò TEA rọrùn. Wọ́n á mú ìdá àwọn tó dé Approaches tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìdá àwọn tó dé Meets tàbí jù bẹ́ẹ̀, àti ìdá àwọn tó dé Masters. Wọ́n á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́ta. Ó já sí pé ọmọ tó wà ní Masters ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mẹta, ti Meets lẹ́ẹ̀mejì, ti Approaches lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń fi tábìlì kan sọ nọ́ńbà náà di máàkì orí 100 tí ẹ ń rí, tábìlì ti elementary sì yàtọ̀ sí ti high school.

Ibí náà ni nǹkan ti lè fara pamọ́. Ilé-ìwé tó ní 90, 40 àti 5, àpapọ̀ rẹ̀ 135, pín in sí mẹ́ta, 45. Ilé-ìwé tó ní 65, 45 àti 25, 45 náà ni. Ní àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló páàsì, àmọ́ ẹni tó ta yọ kò pọ̀. Ní èkejì, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló kùnà pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìdá 25 ń fò fẹ̀rẹ̀. Irú ilé-ìwé kejì yìí sábà máa ń ní ètò magnet (ètò àkànṣe tó ń fa ọmọ wá láti àdúgbò mìíràn) tàbí ètò àwọn ọmọ olọ́pọlọ pípé nínú, tí àwọn ọmọ ètò náà ń gbé máàkì gbogbo ilé-ìwé sókè. Bí ọmọ yín ò bá ní wọ inú ètò yẹn, máàkì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín.

Ní ti elementary àti middle, STAAR nìkan ni Student Achievement. Ti high school yàtọ̀: STAAR gbé ìdá 40, iye àwọn tó parí gbé ìdá 20, ohun tí wọ́n ń pè ní CCMR gbé ìdá 40. CCMR ni ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí wọ́n gbé láti 60 dé 88. Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà wọ inú rẹ̀ pọ̀: máàkì SAT tàbí ACT (ìdánwò ìwọlé yunifásítì), 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò AP (ẹ̀kọ́ ìpele yunifásítì tí wọ́n ń kọ́ ní high school), kọ́ọ̀sì yunifásítì tó ṣe láti high school, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, àtàwọn mìíràn. Gbogbo wọn ni wọ́n kà bákan náà. Ilé-ìwé lè ní CCMR 92 kó jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, kí àwọn tó dé ìwọ̀n SAT má ju díẹ̀ lọ. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ń ṣe wẹ́dà ní Texas ń jẹun. Àmọ́ òbí tó ń retí pé kí ọmọ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń bẹ lábẹ́ 92 yẹn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá ni CCMR ń kà. Ti 2025, àwọn tó parí ní 2024 ló wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: School Progress

Academic Growth ń béèrè ibi tí ọmọ wà ní èṣí. Bí ó bá kúrò ní Did Not Meet tó dé Approaches, ilé-ìwé gba máàkì odindi. Bí ó bá dúró lójú kan ní Approaches, ààbọ̀. Bí ó bá ti Meets padà sí Approaches, òdo. Ọmọ tó wà ní Masters gbọ́dọ̀ dúró ní Masters.

Ohun kan tí àwọn òbí kì í sábà kíyè sí: ọmọ kíláàsì kẹta kò ní èsì èṣí, nítorí náà kò sí nínú Growth. Ní elementary tó parí sí kíláàsì karùn-ún, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún nìkan ló gbé gbogbo máàkì Growth ilé-ìwé náà lérí. Bí tíṣà ìṣirò méjì bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà lè yí padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti kindergarten dé kíláàsì kejì ńkọ́? STAAR ò kàn wọ́n, lẹ́tà náà ò sì sọ ohunkóhun tààrà nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ yín tó wà níbẹ̀ ní ìwé kíkà.

Relative Performance kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tó ń ṣe nìyẹn. Ilé-ìwé tí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ rẹ̀ wá láti ìdílé aláìní, wọn ò ní fi wé ti àdúgbò olówó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá ìsọ̀rí ọmọ yín nínú Closing the Gaps

Níbí ni wọ́n ti ń pín àwọn ọmọ: ẹ̀yà, ìdílé aláìní, àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó wà nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe (fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ẹ̀kọ́), àwọn tí ibùgbé wọn kò dúró lójú kan. Abẹ́ African American ni wọ́n máa ka ọmọ Yorùbá sí, pẹ̀lú gbogbo ọmọ aláwọ̀ dúdú yòókù. Kò sí ìlà kankan fún Nàìjíríà. Ẹ wo ìlà yẹn, kí ẹ fi wé ìlà gbogbo ọmọ. Bí ilé-ìwé bá ní A, tí Meets gbogbo ọmọ jẹ́ 70 nínú ìṣirò, tí ti ọmọ dúdú wá jẹ́ 38, ìbéèrè ti jáde nìyẹn. Bí ìsọ̀rí kan kò bá tó ọmọ 10, wọn kì í fi máàkì sí i, ẹ sì lè rí àmì ìràwọ̀ dípò nọ́ńbà. Kì í ṣe àbòsí o, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èsì ọmọ kan pàtó ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù Home Language Survey wọ̀ ọ́ níbí. Nígbà tí ẹ bá ń fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, wọ́n á béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Bí ẹ bá kọ Yorùbá, wọ́n á dán Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà wò. Bí kò bá dé ìwọ̀n, á wọ ìsọ̀rí àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á sì máa ṣe TELPAS, ìdánwò tó ń díwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ lára wa ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n á kọ "English" gàdàgbà. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ òótọ́. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já geere yóò páàsì ìdánwò yẹn, ọ̀rọ̀ parí. Èyí tí kò já geere ni ìrànlọ́wọ́ náà wà fún, òfin sì ní kí ilé-ìwé fún un. Ẹ lè kọ ètò náà fún ọmọ yín, àmọ́ bí ẹ bá kọ̀ ọ́ pàápàá, TELPAS kò ní yẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ta ni wọn ò kà?

Bí ẹ kò bá ní àyè fún ìgbésẹ̀ mìíràn, ẹ ṣe èyí. Níbikíbi tí iṣẹ́ àti owó oṣù bá rọ̀ mọ́ nọ́ńbà, àwọn kan yóò máa wá ọ̀nà láti yọ ẹni tó lè ba nọ́ńbà jẹ́ kúrò.

Àwọn àyọkúrò kan bófin mu. Ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n ń ka orí. Ọmọ tó bá wọlé sí ilé-ìwé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, yóò ṣe STAAR, àmọ́ èsì rẹ̀ kò ní wọ lẹ́tà ilé-ìwé náà. Ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò sí nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní kí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ jókòó ṣe ìdánwò, kí wọ́n má baà ní kí àwọn tí kò mọ̀wé dúró sílé lọ́jọ́ yẹn.

Ti El Paso ni kò bófin mu. Ìlú náà wà ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ó bá Mexico pààlà. Lorenzo García ni superintendent, ìyẹn ọ̀gá àgbà district ibẹ̀, nígbà náà, ìdánwò kíláàsì kẹwàá ni ìjọba sì ń fi díwọ̀n high school. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wo àwọn ọmọ tó ṣeé ṣe kó kùnà, pàápàá àwọn tó ti Mexico dé tí Gẹ̀ẹ́sì ò tíì dá lẹ́nu wọn. Wọ́n dá àwọn kan padà sí kíláàsì kẹsàn-án. Wọ́n gbé àwọn mìíràn fò lọ sí ìkọkànlá. Wọ́n lé àwọn kan dànù. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò bá pé, wọn ò sí ní kíláàsì kẹwàá. Èsì ń gòkè, owó àfikún ń wọlé fún ọ̀gá. Ní 2012 ni ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta àbọ̀, lórí èyí àti jìbìtì kọ́ńtíráàtì. Nínú àwọn ọmọ náà, àwọn kan ò padà sí ilé-ìwé mọ́.

TEA fúnra rẹ̀ náà ò mọ́. Láti 2004 ló ti ń wo ìdá àwọn ọmọ tó wà nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe ní district kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọjá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àbùkù ni wọ́n kà á sí fún district náà. Ẹ lè fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Òbí á ní ọmọ òun ò lè kàwé, wọ́n á ní kó lọ fara balẹ̀, ó máa bọ́ sí i. Houston Chronicle ló tú u síta ní 2016, àti ní oṣù kìn-ín-ní 2018, ilé-iṣẹ́ ètò-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà sọ pé Texas rú òfin. Bí ẹ bá fura pé ọmọ yín nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fẹnu béèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tàbí ímeèlì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin Texas fún wọn ní ọjọ́ ilé-ìwé 15 láti fi ìwé dá yín lóhùn.

Báwo lẹ ó ṣe yẹ èyí wò fúnra yín? Ẹ wá Texas Academic Performance Report ilé-ìwé náà lórí ojúewé TEA. TAPR ni wọ́n ń kọ sí i. Ẹ wo iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí kíláàsì kẹsàn-án bá ní 600, tí ìkejìlá wá ní 350, ẹ béèrè ibi tí àwọn tó kù lọ. Ó lè ní àlàyé tó dára, bíi ilé-ìwé tuntun tí wọ́n ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tí kò sí nínú lẹ́tà

TAPR yìí kan náà ni ẹ ó ti rí i bí ọmọ ṣe pọ̀ tó nínú kíláàsì, àti ọdún mélòó tí àwọn tíṣà ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Iye tíṣà tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀ fún gbogbo district. Bí mo bá rí ilé-ìwé tó ní B, tí ìdá tó pọ̀ nínú tíṣà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mi ò ní fọkàn tẹ B yẹn fún ọdún méjì síwájú. Orin, eré ìdárayá, ìwà ọmọlúwàbí, bóyá ọmọ ń jẹ́ ọmọ níbẹ̀: ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ gbé ìwé lọ bá wọn

Lẹ́yìn tí TAPR bá jáde, district gbọ́dọ̀ ṣe ìpàdé ìtagbangba lé e lórí láàárín ọjọ́ 90. Àwọn tó ń wá kì í pọ̀, nítorí náà ẹni tó bá wá pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má lọ béèrè pé "Kí ló dé tí ilé-ìwé wa gba C?" Wọ́n á fún yín ní ìwàásù. Ẹ béèrè báyìí: "Meets ìṣirò kíláàsì kẹrin wálẹ̀ láàárín ọdún méjì, tíṣà mélòó ló ti kúrò níbẹ̀, kí lẹ sì ń ṣe sí i lọ́dún yìí?" Nínú àṣà wa, a kì í bá olùkọ́ wá wàhálà, púrínsípà sì ni àgbà; ìyẹn dára. Ní Texas, irú ìbéèrè yìí kò lòdì sí ọ̀wọ̀, iṣẹ́ wọn ni láti dáhùn rẹ̀.

Lẹ́tà náà lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Bí ilé-ìwé kan bá kùnà fún ọdún márùn-ún léra, òfin ní kí kọmíṣọ́nnà tó ń darí TEA tì í pa tàbí kó gba agbára lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn. Wheatley High School ní Fifth Ward, àdúgbò kan ní Houston, wà lára ohun tó kó bá Houston ISD, district tó tóbi jù ní Texas. Lẹ́yìn ẹjọ́ ọdún púpọ̀, TEA gba district náà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó yan ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó sì fi Mike Miles ṣe superintendent. Bí ẹ bá ń lọ sí district tó wà nírú ipò yìí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń pinnu nípa ilé-ìwé yín kì í ṣe ẹni tí ẹ lè dìbò yọ.

Èsì ọmọ tiyín

STAAR kò ní pẹ́ lọ. Òfin House Bill 8 ti 2025 ní kí ìdánwò kúkúrú mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ láti ọdún ilé-ìwé 2027 sí 2028: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìparí. Títí di ìgbà náà, èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lórí texasassessment.gov. Ẹ ó nílò nọ́ńbà àṣírí tó wà lórí ìwé èsì ọmọ náà. Bí ẹ bá ti sọ ìwé nù, ẹ ní kí ilé-ìwé fún yín. Níbẹ̀, ẹ lè rí ìbéèrè tí ọmọ gbà àti èyí tó pàdánù. Bí ó bá wà ní Did Not Meet, kì í ṣe pé wọ́n á dá a dúró sí kíláàsì kan náà. Òfin ìyẹn ti kúrò láti 2021. Ohun tí òfin sọ ni pé kí ilé-ìwé fún un ní ẹ̀kọ́ àfikún, wákàtí 15 tàbí 30 lórí iṣẹ́ tó ti kùnà. Ẹ béèrè ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n fi í sí, àti orúkọ ẹni tó ń kọ́ ọ.